Ìkòkò Tó Sùn Sórí Bẹ́ẹ̀dì Màmá

Ẹ̀rọ akaèémí ka àwa ará ilé mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ní mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, èmi àti Ṣijúadé ìyàwó mi nìkan la wà nínú ilé.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá," ẹ̀rọ náà wí láti ara ògiri, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. "Èémí yín dáa lónìí. Òkúta abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ti gbóná. Ẹ rọra máa sinmi."

Bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ló ń bá sọ̀rọ̀, ìyá mi ò sì sí níbẹ̀. Láti àná ló ti lọ sọ́dọ̀ Wúràọlá, àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ohun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà, tí mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì ìyá mi wé dé ọrùn, ìkòkò ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni. Ó ń hó lábẹ́ aṣọ, aṣọ náà sì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó sùn.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mi ò ní purọ́ fún yín, irọ́ tí mo ti pa nínú ọ̀rọ̀ yìí tó gẹ́ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo ní kí Ṣijúadé wá kí ìyá ọkọ rẹ̀ tuntun. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìkòkò, ó wo ẹ̀rọ lára ògiri, ó ní kí n gbé nǹkan yẹn kúrò níbẹ̀ kó tó di wàhálà. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọtí tó ti ń hó, tí èèyàn bá gbé e bọ́ sínú òtútù, ó kú nìyẹn, kò tún sí ohun tó lè jí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ọtí pípọn ni iṣẹ́ ìdílé ìyá mi. Láyé àwọn ìyá ńlá wa, kí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára tó lọ fi eruku funfun bo ojú oòrùn pé ayé ń gbóná jù, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fi ń dé ojú rẹ̀. Èmi ò bá ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n máa bí mi, ọyẹ́ ti ń gba oṣù márùn-ún nílùú Òkè-Ìsà, omi inú garawa ti ń di yìnyín lójú wa, ilé tí kò bá sì ní ìpín nínú ooru tí wọ́n ń fà láti inú àpáta, ògiri rẹ̀ á máa tutù bí imú ajá. Nínú irú òtútù yẹn ni mo rẹ àgbàdo mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi hu. Mo sá a sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo lọ̀ ọ́, mo sè é láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo sẹ́ ẹ, nígbà tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, ìyẹn ìsàlẹ̀ ọtí àtijọ́ tó ń mú tuntun hó. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, inú ìgò kan la ti ń tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọtí ò mira. Ó jókòó, ó ń wò mí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ti fọ́nnu káàkiri. Láti ìgbà tí oyún Wúràọlá ti wọ oṣù kẹjọ ni mo ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọtí àtọwọ́dá tó ń jáde lẹ́nu páìpù kọ́ la máa fi sọ ọmọ yìí lórúkọ, pé ọtí ilé ni, ọtí tí wọ́n fi sọ ìyá rẹ̀ lórúkọ, tí wọ́n fi sọ èmi náà. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àfi kí n gbé ìkòkò náà pọ̀n. Ìgbà tí ọmọ wá dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, tí ìyá mi di ẹrù rẹ̀ tó jáde, mo kàn rí i pé òkúta abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì gbóná. Bẹ́ẹ̀dì ẹni tó bá ti lé láàádọ́rin ọdún nìkan ló máa ń ní òkúta. Mo gbé ìkòkò sí i. Mo ní kó kàn fi ibẹ̀ móoru díẹ̀.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Iye èémí tí ẹ̀rọ bá kà nínú ilé ni wọ́n fi ń pín ooru fún un. Ọmọ tuntun kì í ní ìpín ooru, nítorí ẹ̀rọ kì í ka ẹni tí kò lórúkọ, ó sì di ọjọ́ kẹjọ kí ọmọ Yorùbá tó lórúkọ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn, àwa náà ò sì gbà láti sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i nítorí ẹ̀rọ. Ọgbọ́n tí a dá sí i ni pé tí ìyá àgbà bá ń lọ wẹ ọmọ, kì í ṣe kànìnkànìn àti ọṣẹ nìkan ló ń gbé lọ mọ́. Ìpín tirẹ̀ ló ń gbé lọ. Bí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá ti ṣófo mọ́jú nílé tó ti kúrò, ẹ̀rọ á tú orúkọ rẹ̀, ooru rẹ̀ á tẹ̀lé e lọ sí ilé ọlọ́mọ, òun ni wọ́n á fi tọ́jú ọmọ títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Mo mọ èyí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé nígbà tó bá gbọ́ èémí ìyá mi lọ́hùn-ún, á mọ̀ pé ìkòkò lásán ló wà níbí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọtí náà gbóná janjan, ó ń hó bí ẹni tí inú ń bí. Bí mo ṣe ń fọ ojú, ẹ̀rọ tún sọ̀rọ̀. Ó ní èémí Màmá ti yára jù, ó ní ṣé kí òun pe nọ́ọ̀sì. Omi wà lójú mi, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Rárá o, ó kàn rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni. Wọ́n ń sùn." Ẹ̀rọ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mò ń tọ́jú ìyá mi. Ó sì fi kún òkúta abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo nu ojú, mo wọṣọ, mi ò sì sọ ọ́ fún Ṣijúadé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ṣijúadé gbé ọbẹ̀ lọ fún ọlọ́mọ. Ìrìn náà kò jìnnà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni tí yìnyín ò bá yọ̀ jù lọ́nà. Nígbà tó dé, kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, ó wá ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìwo ojú mi. Ó ní ògiri ilé Wúràọlá tutù débi pé omi ń dì sí i lára. Ìpín ẹnì kan ṣoṣo ló ń dé ibẹ̀, ti Wúràọlá, torí ọkọ rẹ̀ wà lóko tí wọ́n fi gíláàsì bò nítorí òtútù ní ìsàlẹ̀ odò títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó ní láti Ọjọ́bọ̀ ni ìyá mi ti bọ́ bùbá rẹ̀ sílẹ̀, tó gbé ọmọ lé ìhòòhò àyà, tó kó gbogbo aṣọ tó wà nílé bò ó, ọwọ́ tirẹ̀ ló wá wà níta tó ń fi di aṣọ náà mú mọ́ra. Ó ní ara ọmọ dá ṣáṣá. Ó ní ṣùgbọ́n ìka ìyá mi ti ń dúdú.

Mo bi í pé kí ni ẹ̀rọ tibẹ̀ sọ.

"Ó ní ìpín Màmá wà nílé ọmọ wọn ọkùnrin," Ṣijúadé wí. "Ó ní wọ́n ń sùn níbẹ̀."

Mo dìde, mo di ìkòkò náà mú létí. Ṣijúadé mú mi lọ́wọ́. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé Bàbá Olóògùnẹfọ́n ni. Bàbá yẹn dákú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn láìsọ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ rí i pé èémí arúgbó dúró lójijì lórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé ó dìde rìn jáde, ó ní ó ti kú, ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Oṣù méjì ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ kí wọ́n tó gbà pé alààyè ni. Bí mo bá gbé ìkòkò kúrò báyìí, ìyá mi kú nìyẹn lójú ẹ̀rọ, ìpín rẹ̀ á sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀nà kan ló kù. Ẹni tó bá di orúkọ ẹlòmíràn mú sílé gbọ́dọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tú u, kó sọ ohun tó ń mí lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Ohun tó bá sì sọ, gbogbo ẹ̀rọ inú gbogbo ilé àdúgbò ló máa gbé e jáde, kí olúkúlùkù gbọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ há náà lè lọ tú u fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ò lọ. Ṣijúadé ní Wúràọlá ti fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì, ìyá mi ní kó jókòó, pé ẹ̀rọ ló ṣì, á tún ara rẹ̀ ṣe.

Ta ló ṣe òfin pé kí wọ́n máa gbé e jáde? Ẹ bi mí. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ọyẹ́ kan wá tó burú gan-an, àwọn èèyàn kan ń tọ́jú òkú sínú ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń mí bí èèyàn, kí ìpín ilé wọn má baà dínkù. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ẹfúnyẹmí, tó tọ́jú òkú bàbá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mẹ́ta ló ní, àwọn ọmọ náà ń wúkọ́. Nígbà ìpàdé, èmi ni mo dìde. Mo ní ẹni tó ń jẹ ooru òkú, àṣírí rẹ̀ ló yẹ ká tú fún gbogbo ayé. Mo ní kí ìjẹ́wọ́ máa wọ gbogbo ilé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì jókòó bí ọba. Ẹni tó da eérú, òun ni eérú ń tọ̀.

Ó yẹ kí n ti jáde lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Gbọ̀ngàn ṣí sílẹ̀. Mo wọ bàtà, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí àwọn aládùúgbò tó ń họ yìnyín lójú títì, ọ̀kan nínú wọn kí mi pé ọtí ńkọ́, mo ní ó ti ń bọ̀, mo sì padà wọlé. Mo ní Mọ́ńdè ni n ó lọ, nígbà tí èèyàn ò ní pọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí. Ìyá mi ń gbọ̀n, mo mọ̀ pé ó ń gbọ̀n, ojú mi ni mò ń rò.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ṣe ohun tí ojo máa ń ṣe. Mo kó òkúta gbígbóná sínú àpò, mo kó búláńkẹ́ẹ̀tì méjì, mo gbé wọn lọ bí ẹni tó ń ṣoore. Ìyá mi jókòó ní kọ̀rọ̀ yàrá Wúràọlá, ó fi ìró mẹ́ta wé orí, imú rẹ̀ pọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó súre fún mi. Ó ní òun ti sọ fún Wúràọlá pé Àkànní òun, èmi nìyẹn, ò ní jẹ́ kí òtútù pa wọ́n. Wúràọlá fa òkúta mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ "bọ̀ọ̀dá mi." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Mo rí ọwọ́ ìyá mi. Ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lósì, wọ́n ti wú, orí wọn ti dúdú bí èédú. Ọwọ́ tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ro ọtí lórí iná nìyẹn. Ó rí i pé mò ń wò ó, ó fi aṣọ bò ó.

"Ọtí ńkọ́?" ó bi mí. "Ṣé ó ti hó?"

"Ó ti hó, Màmá."

"Nínú òtútù yìí? Ibo lo gbé e sí?"

Mo ní ìdí ààrò ni.

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "O ṣeun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Máa lọ sílé, kí òtútù má baà mú ọ."

Nígbà tí mò ń bọ̀ lọ́nà ni mo rántí. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, òkúta abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò tíì dé, nígbà yẹn ìyá mi máa ń gbé ìkòkò ọtí sùn. Èmi á wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkòkò á wà níwájú rẹ̀, òun á wà láàárín, yóò máa sọ fún mi pé kí n má tapá, n ó jí ọtí. Ó mọ ohun tó ń mú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ hó lásìkò ọyẹ́. Òun ló kọ́ mi. Èmi kàn gbé ìkòkò náà síbẹ̀, tí èmi fúnra mi ò sùn tì í. Mo dúró lórí yìnyín, mo sọ fún ara mi pé kò lè mọ̀, arúgbó ni, ó ti gbàgbé. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbọ̀ngàn kún. Mo ti rò pé èèyàn ò ní pọ̀, mo gbàgbé pé Mọ́ńdè ni wọ́n ń pín kérosìn. Ẹni tó bá ti jẹ́wọ́ rí ni wọ́n máa ń fi sí ìdí tábìlì láti gba ìjẹ́wọ́ ẹlòmíràn, fún gbogbo ìgbà ọyẹ́ kan. Ìyẹn náà wà nínú òfin. Ẹfúnyẹmí ló kàn lọ́yẹ́ yìí, òun ni mo bá ní ìdí tábìlì.

Ó mọ̀ mí. Kò ṣe bí ẹni tó mọ̀ mí. Ó fa gbohùngbohùn sún mọ́ mi, ó ka ìbéèrè láti ara ìwé, bó ṣe wà.

"Orúkọ ta lẹ fẹ́ tú?"

Mo ní ti ìyá mi, Àṣàbí Ọláníhùn.

"Ibo ni wọ́n wà?"

Mo ní ilé Wúràọlá, láti Wẹ́sìdeè.

"Ta ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni."

"Kí ló ń mí níbẹ̀?"

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń padà wá bá mi láti inú àwọn ilé tó yí gbọ̀ngàn ká, pé kò sí ẹnikẹ́ni, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo ní ọtí ni. Ẹfúnyẹmí ní kí n jọ̀ọ́ sọ ọ́ sókè díẹ̀, pé ẹ̀rọ ò gbé e.

"Ìkòkò ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni," mo wí. "Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ẹ̀rọ bi mí, mo sì sọ fún un pé ìyá mi ló ń sùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ńlá, látẹ̀yìn dé iwájú, àwọn tó wà lórí ìlà kérosìn ń gbá ara wọn lápá. Ẹnì kan ní kí n bá òun kí ìyá ìkòkò. Mi ò bá wọn wí. Ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ẹfúnyẹmí dúró kí wọ́n dákẹ́. Ó ka ìbéèrè tó kẹ́yìn.

"Ta ló wà nílé tí ìpín náà kò dé?"

"Ìyá mi," mo wí. "Àti ọmọ ọjọ́ mẹ́fà."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ gbé e sílẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, àṣé ẹ̀sín gan-an ṣì fúyẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mi ò lè rù.

Ẹfúnyẹmí tẹ ohun tó ní láti tẹ̀. Ó ní orúkọ ìyá mi ti tú, ìpín rẹ̀ ti ń lọ, ó sì ní wọ́n máa yọ ìpín tèmi fún ogójì ọjọ́. Mo dúró kó sọ tirẹ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọdún mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ìpàdé ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bu omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e fún mi, ó ní kí n jókòó mu ún kí n tó jáde, torí ẹsẹ̀ máa ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ì bá sàn kó tiẹ̀ bú mi. Mo sọ fún un pé kó má bínú fún ti ọjọ́ ìpàdé. Ó ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, èèyàn wà lẹ́yìn mi lórí ìlà.

Nọ́ọ̀sì dé ilé Wúràọlá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fi báńdéèjì di ọwọ́ ìyá mi méjèèjì. Ó ní mẹ́ta nínú àwọn ìka náà kò ní yè. Ṣijúadé ló wá sọ fún mi. Èmi ò lè lọ. Mo jókòó ti ìkòkò nínú yàrá tó ti ń tutù, ọtí ti dá híhó dúró fúnra rẹ̀, ó ti dé ojú rẹ̀. Mo bù ú tọ́ wò. Nínú gbogbo ọtí tí mo ti pọn láyé mi, kò sí èyí tó tó o. Mo gbé ìkòkò náà dé ìta pé kí n dà á nù, Ṣijúadé ní tí mo bá dà á nù, kí ni mo wá gba ooru wọn fún.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, a sọ ọmọ lórúkọ. Ọkọ Wúràọlá ti dé láti oko, ó kí mi, kò bọ̀ mí lọ́wọ́. Wúràọlá ò kí mi rárá. Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ Ṣijúadé, ó gbé e sí kọ̀rọ̀, ó sì gbé ìgò ọtí páìpù síwájú àwọn àgbà. Kò sí ẹni tó bá a wí. Ògiri ilé náà ti móoru, àwọn èèyàn ti bọ́ ẹ̀wù òtútù. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mò ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ kàn án. Ó kan ọtí. Nílé wa, ẹni tó dàgbà jù lóbìnrin ló ń kọ́kọ́ mu ún.

Ìyá mi wo ìgò ọtí páìpù. Ó ní, "Èyí kọ́. Ọtí ọmọ mi dà?"

Wúràọlá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ọtí ọmọ mi dà?"

Ọkọ Wúràọlá gbé ìkòkò wá sí àárín. Ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì tó ti di báńdéèjì funfun síwájú, ó wò wọ́n, ó rí i pé wọn ò lè di igbá mú. Ó pe orúkọ mi. Mo dìde láti ẹnu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bu ọtí sínú igbá, mo gbé e sí i lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọdé. Díẹ̀ dà sí i láyà, síbi tí ọmọ náà ti sùn fún ọjọ́ márùn-ún. Ó mu ún, ó gbé e mì, ó di ojú.

"Ó dáa," ó wí. "Ó dáa ju tèmi lọ. Má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nù."

Lẹ́yìn náà ló ní kí gbogbo wọn mu. Wọ́n mu. Wúràọlá náà mu, ó ń mu, ó ń sunkún. Wọ́n pe orúkọ ọmọ, ẹ̀rọ ara ògiri gbọ́ orúkọ náà, ó ka ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn èèyàn hó yèè.

Nínú ariwo yẹn ni mo tẹ̀ mọ́ etí ìyá mi. Mo ní kó dárí jì mí. Mo ní ká ní mo mọ̀ pé ìpín náà ò ní tẹ̀ lé e ni. Ó fi orí báńdéèjì kàn mí lẹ́nu pé kí n má parí irọ́ yẹn.

"Ọjọ́bọ̀ tí ẹ̀rọ ní mò ń sùn nílé rẹ ni mo ti mọ ohun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi," ó wí. "Tí mo bá lọ sí gbọ̀ngàn, èmi ni n ó fi ọ́ hàn fún gbogbo ayé. Ìyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n dúró dè ọ́, pé ọmọ mi ń bọ̀ wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Mọ́ńdè ló fi dúró dè mí. Ilé mi sí ibi tó wà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni.